Igbá Tí Kì Í Ṣófo

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní àdúgbò Òkè Àrẹ̀gbà l'Abẹ́òkúta, wọ́n ká àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan mọ́bi tí wọ́n ti ń sun orí ọmọbìnrin kan nínú ìkòkò. Kò sí èyí tó ju ọmọ ogún ọdún lọ nínú wọn. Wọ́n ní oògùn owó làwọn fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn pé níbo ló ti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó ní orí Facebook ni. Òun tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe oògùn owó, ohun tó jáde sì lòun tẹ̀lé. Ariwo sọ. Àwọn kan ní Facebook ló ń ba ọmọ jẹ́, àwọn kan ní fíìmù ni, àwọn kan ní ilé ni ìwà ti wó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, mínísítà ètò ìròyìn náà sì ní kí NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, máa fojú ṣọ́ ọ̀rọ̀ oògùn owó nínú fíìmù tí wọ́n bá gbé wá síwájú rẹ̀. Nínú gbogbo ariwo yìí, ìbéèrè tí ọmọ náà tẹ̀ sórí fóònù kò rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tó béèrè nìyẹn. Kò béèrè bóyá ó ń jẹ́ tàbí kì í jẹ́. Ìyẹn ti dá a lójú kó tó tan fóònù. Ta ló wá fi dá a lójú?

Bí a bá fẹ́ dá fíìmù kan láre nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi í: ẹ̀kọ́ wo ló kọ́ wa? Ìbéèrè náà ti pẹ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, tí àwọn ẹgbẹ́ eléré sì ń gbé eré wọn kúrò lórí ìtàgé wọ inú tẹlifíṣàn, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ẹ̀rí eré. Eré orí tẹlifíṣàn kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ Fẹyíkọ́gbọ́n, kí ẹni tó ń wò ó má baà ṣi iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ jẹ́ fún un mọ̀. Títí di òní, bí akọ̀ròyìn bá bi eléré pé kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí nínú fíìmù rẹ̀, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: ìkìlọ̀ ni, ṣebí ẹ rí i pé ọkùnrin náà ya wèrè kẹ́yìn. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè yẹn gan-an la ń ṣì bi. Ẹ̀kọ́ tí fíìmù fi parí kọ́ lọmọ máa ń gbé lọ sílé. Ohun tí gbogbo èèyàn inú fíìmù náà, ẹni ire àti ẹni ibi, jọ gbà láìjiyàn ló máa ń gbé lọ, torí kò sẹ́ni tó fi hàn án pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ mú èyíkéyìí nínú àwọn sinimá àgbéléwò tó dá lórí oògùn owó. Ìyà ń jẹ ọkùnrin kan. Onílé ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú jíìpù, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní kó wá rí òun nílé. Adáhunṣe kan wà nínú igbó. Wọ́n fi aṣọ pupa bo igbá, wọ́n pọfọ̀ sí i, wọ́n ṣí i: náírà ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tuntun, pẹ̀lú ìdè báńkì lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà óò wá fara balẹ̀. Yóò gba ẹnu géètì wọlé, yóò yí jíìpù po, yóò gun àtẹ̀gùn lọ sókè, yóò dúró pẹ́ lára àga aláwọ funfun àti tẹlifíṣàn tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, títí òǹwòran óò fi mọ iye yàrá tó wà nínú ilé náà. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí fíìmù parí ni ìyà máa ń sáré wọlé. Ọkùnrin náà já síta níhòòhò, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú ọjà, orúkọ àwọn òṣèré sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ìtàn yìí ṣe rí nìyẹn láti ìgbà Living in Bondage ti ọdún 1992, tí wọ́n fi èdè Ìgbò ṣe, níbi tí Andy ti fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣoògùn, tí òkú obìnrin náà kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn eléré Yorùbá náà kò gbẹ́yìn, wọ́n tún fi ọfọ̀ dárà sí i. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò rúni lójú: kò dáa. Ṣùgbọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnì kan kò béèrè pé ṣé igbá lè kún. Adáhunṣe gbà pé ó ń kún, ọ̀rẹ́ gbà, pásítọ̀ tó wá lé ẹ̀mí àìmọ́ gbà, wèrè ọjà gan-an gbà. Bóyá ó tọ́ ká ṣe é ni wọ́n ń jà lé lórí. Bóyá ó ń jẹ́, ìyẹn kò sí nínú ìjà.

Ìwádìí kan wà tó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Bandura ti Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà ló ṣe é. Èyí tó ṣe ní 1961 ló lókìkí jù, níbi tí àwọn ọmọdé ti rí àgbàlagbà tó ń lu bèbí onírọ́bà kan tó ń jẹ́ Bobo, táwọn náà sì lù ú bó ṣe lù ú. Àmọ́ èyí tó tẹ̀ jáde ní 1965 ló yẹ kí àwa gbé yẹ̀wò. Ó fi fíìmù han àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì fún un ní ìparí mẹ́ta. Àwọn kan rí i pé wọ́n yin ẹni tó lu bèbí, wọ́n sì fún un ní ìpápánu. Àwọn kan rí i pé wọ́n bá a wí, wọ́n sì nà án. Ní ti àwọn tó kù, fíìmù tiwọn parí láìsí ìyìn, láìsí ìbáwí. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú bèbí náà, àwọn tó rí ìyà kò fi bẹ́ẹ̀ lù ú. Ká ní ibẹ̀ ni ìwádìí parí sí ni, àwọn eléré wa ti jàre. Kò parí síbẹ̀. Olùwádìí wọlé padà pẹ̀lú omi èso àti àwòrán àlẹ̀mọ́, wọ́n ní ọmọ tó bá lè ṣe ohun tó rí nínú fíìmù yóò gbẹ̀bùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn pòórá. Àwọn tó rí i tí wọ́n na ẹni náà mọ gbogbo rẹ̀ ṣe bí àwọn tó rí i tí wọ́n yìn ín: bó ṣe gbá a, bó ṣe jókòó lé e lórí, ohun tó sọ bó ṣe ń lù ú. Ìyà ìparí kò pa ohun tí wọ́n kọ́ rẹ́, ó kàn ní kí wọ́n ṣì gbé e pamọ́ ni. Ẹ wá ro irú ẹ̀bùn tí ìlú wa ń nà sí ọmọ ogún ọdún tí kò níṣẹ́, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò.

Ẹnì kan lè ní ti bèbí lílù yàtọ̀, pé ẹ̀kọ́ rere tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọdé kì í ṣi ọ̀nà. Ó máa ń ṣi ọ̀nà. Ní 2008, Marie-Louise Mares àti Emily Acosta gbé ìwádìí kan jáde lórí kàtúùnù Clifford, ajá pupa ńlá tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n lò, ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dé sí àdúgbò. Àwọn ajá yòókù ń sá fún un, ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má lọ ràn wọ́n; nígbà tó yá wọ́n gbà á mọ́ra. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ká má ta abirùn nù. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pé kí ni wọ́n kọ́, ọ̀rọ̀ ajá ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn: ká máa ṣàánú ajá tí kò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Láti orí ajá bọ́ sórí ọmọ kíláàsì wọn tí apá rẹ̀ kò ṣe déédéé, àwọn tó dá ìrìn yẹn rìn kò tó nǹkan. Àgbàlagbà ló máa ń dúró de ìparí ìtàn, tó máa ń gbé ìparí náà padà sẹ́yìn láti fi wọ̀n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Lójú ọmọdé, ìran kọ̀ọ̀kan dá dúró. Èyí tó pẹ́ jù ló sì máa ń wúwo jù.

Nígbà tí kò bá wá sí ẹ̀kọ́ rárá ńkọ́? Ní erékùṣù Fíjì, ní agbègbè Nadroga, tẹlifíṣàn kò débẹ̀ àfi ní 1995. Bíi tiwa ni wọ́n ṣe ń wo ara èèyàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: kéèyàn sanra jẹ́ àpẹẹrẹ pé ilé dáa, pé wọ́n ń tọ́jú ẹ. Ẹni tó bá gbẹ ni wọ́n máa ń káàánú. Anne Becker, dókítà kan láti Harvard, bá àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé sọ̀rọ̀ lọ́dún tí tẹlifíṣàn dé, ó sì tún padà lọ ní 1998. Ní ìgbà àkọ́kọ́, 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àmì pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti fẹ́ di wàhálà fún wọn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti di 29.2. Ní 1995, kò sí èyí tó sọ pé òun ń bì kí òun lè fọn. Ní 1998, ó ju mọ́kànlá lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Èèyàn bíi márùndínláàádọ́rin ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn ti 1998 kì í sì í ṣe àwọn ti 1995, nítorí náà kò yẹ ká fi ìwádìí náà búra. Àmọ́ ẹ wo irú eré tí wọ́n ń wò: eré ilẹ̀ òkèèrè lásán, ti ìfẹ́, ti ọlọ́pàá, ti ilé ìwòsàn. Kò sí èyí tó wàásù fún ọmọ Fíjì pé kó gbẹ. Àwọn tó gbẹ ló kàn wà nínú gbogbo rẹ̀, àwọn ló níṣẹ́, àwọn ni ọkùnrin ń wò.

Ilẹ̀ Brazil fi irú rẹ̀ hàn lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Láàárín 1970 sí 1991, bí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Globo ṣe ń dé ìlú kan lẹ́yìn òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí obìnrin ibẹ̀ ń bí ń dín kù. La Ferrara, Chong àti Duryea, tí wọ́n ṣe ìwádìí náà, yẹ novela (eré onípele orí tẹlifíṣàn) 115 wò, wọ́n sì rí i pé 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá eré tí wọn kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni kò bímọ kankan, 21 sì jẹ́ ọlọ́mọ kan. Bóyá ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń ni àwọn tó ń yàwòrán lára. Wọn kò gbèrò láti fètò sí ọmọ bíbí. Àwọn òbí ń sọ ọmọ tuntun ní orúkọ èèyàn inú novela. Àgbàlagbà tó ti lọ́kọ, tó ti lálàyé tirẹ̀, ni ìdílé kékeré inú àpótí yí lọ́kàn padà láìsí ẹni tó bá a sọ ọ́. Kí la fẹ́ sọ nípa ọmọ tí ayé rẹ̀ ṣì jẹ́ kìkì èyí tí wọ́n bá fi hàn án?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dójú ẹ̀ jù ni Akwa Ibom. Ní 1999, fíìmù kan jáde tó ń jẹ́ End of the Wicked. Iṣẹ́ ìhìn rere ni àwọn tó ṣe é pè é. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé di àjẹ́, wọ́n ń lọ sípàdé lóru, wọ́n ń jẹ ẹran ara èèyàn. Àdúrà ló borí kẹ́yìn. Ta ni yóò bá irú ẹ̀kọ́ yẹn jà? Ibi ń bẹ, ire yóò borí rẹ̀, ẹ gbàdúrà: mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ló jọ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ̀kọ́ náà dúró lé ni pé ọmọ ọdún méje lè jẹ́ àjẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ń lé ọmọ kúrò nílé ní Akwa Ibom àti àyíká rẹ̀, wọ́n ń fiyà jẹ wọ́n kí wọ́n lè jẹ́wọ́, àwọn kan sì kú. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé dárúkọ fíìmù yìí mọ́ ohun tó dá a sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò gbà, wọ́n ní eré ni eré ń jẹ́. Fíìmù kan kò lè dá gbogbo rẹ̀ fà, torí ẹ̀rù àjẹ́ ti wà nílé kí iná mànàmáná tó dé. Bó ti wù kó rí, ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní láti ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Àjọ tó ń wá ẹ̀kọ́ nínú fíìmù yẹn ì bá rí i, ì bá sì fún un ní máàkì tó pọ̀.

Lẹ́yìn oògùn owó àti àjẹ́, àwọn ohun kéékèèké tí fíìmù ń gbà láìjiyàn wà tí wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ. Nínú fíìmù ilé olówó, ọmọ ọ̀dọ̀ kan máa ń wà. Yóò gbé omi wá lórí àwo, yóò kúnlẹ̀, ìyá ilé yóò ta á ní ìkó lórí pé ó pẹ́, ọ̀rọ̀ ìyá ilé àti àlejò rẹ̀ yóò sì máa bá a lọ. Fíìmù náà kò dá lórí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó lè dá lórí ọkọ tó ń yan àlè, kó sì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ nípa òótọ́ nínú ìgbéyàwó. Ọmọ tó ń wò ó nílé, tí ọmọ ọ̀dọ̀ tiwọn ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ti kọ́ ibi tí wọ́n ń ta ìkó sí. Ìyá ọkọ tí kì í dára rí ńkọ́? Àgbẹ̀ tí kì í sí nínú fíìmù àfi bí wọ́n bá fẹ́ ká rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹ̀yà kan ni maigad, ẹ̀yà kan ni oníṣòwò tí Yorùbá kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú eré pé kí ọmọ máa fojú di wọ́n.

Ohun tí àwọn eléré máa ń fi fèsì ni pé dígí làwọn. Ohun tó wà nílùú làwọn ń fi hàn. Oògùn owó kò ti ọwọ́ fíìmù bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ní 1982, Karin Barber, òyìnbó tó ti ń bá àwọn eléré Yorùbá rìn tipẹ́, kọ̀wé lórí bí owó epo rọ̀bì ṣe wọ inú eré orí ìtàgé, ti ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí pàápàá: bí àwọn èèyàn ṣe rí owó tó ń ya wọ̀lú láìsí iṣẹ́ tó bí i, tí wọ́n sì wá ìtàn tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Olówó òjijì gbọ́dọ̀ ti jí, tàbí kó ti pa. Oògùn owó jẹ́ ọ̀nà láti bínú sí irú olówó bẹ́ẹ̀, ó sì lọ́gbọ́n nínú fún àgbà tó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Dígí ni fíìmù fún ẹni tó ti rí ojú ara rẹ̀ níbòmíràn. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò tíì kúrò ní àdúgbò, ìròyìn àkọ́kọ́ ni. Dígí kì í sì í yan ohun tí yóò fi hàn. Ìlú tó ní adáhunṣe nínú igbó ní télọ̀ tó fi ọdún méjìlá ra ilẹ̀, ó ní fọkanáísà tó rán ọmọ mẹ́ta níwèé gíga, ó sì ní àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń kó àwọn afèèyànṣoògùn wọlé pẹ̀lú òkú lọ́wọ́, láìsí kọ́bọ̀. Dígí tí kò rí èyí kankan nínú wọn ti fọ́ lápá kan.

Eléré tó mọ ọ̀nà mìíràn gbà sì ti wà rí. Nínú Ọ̀run Móoru, fíìmù Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, wọ́n fi ìlérí ìsọdipúpọ̀ owó lu oníṣòwò kan ní jìbìtì, gbogbo ohun tó ní sì bá a lọ. Fíìmù náà kì í ṣe ti aláìgbàgbọ́, iṣẹ́ ìyanu wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, òǹwòran rí ohun tó ṣọ̀wọ́n: ẹni tó ṣèlérí owó jẹ́ gbájú-ẹ̀, ẹni tó gbà á gbọ́ sì di ẹni ẹ̀rín. Ọmọ tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ti gba ìbéèrè kan tí gbogbo igbá tó kún kò fún un rí.

Àwọn kan yóò ní àlọ́ ńkọ́? Ìjàpá jalè, ó purọ́, ó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ, a sì fi í tọ́ ọmọ láìsí ewu. Apá kan èsì rẹ̀ ni pé àlọ́ ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. “Ààlọ́ o!” “Ààlọ̀!” Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé mọ̀ pé òun ti kúrò nínú ayé tí ewúrẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Ahun kò wọ aṣọ tí ọmọ lè bẹ ìyá rẹ̀ pé kó rà fún òun. Apàlọ́ wà níwájú ọmọ, ó rí ojú rẹ̀, ọmọ sì lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Sinimá àgbéléwò kò ní irú ẹnu ọ̀nà yẹn: àdúgbò inú rẹ̀ jọ tiwa, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo nínú rẹ̀ bíi tiwa. Apá kejì èsì náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Àlọ́ náà ní ilẹ̀ tó dúró lé. Mélòó nínú wa ló ti kọ́ látẹnu apàlọ́ pé ìyáálé kì í fẹ́ràn ọmọ orogún rẹ̀ tó ti kú? Ẹ̀kọ́ àlọ́ yẹn ni pé Ọlọ́run yóò gbèjà ọmọ òrukàn, ṣùgbọ́n ìyáálé ni kò rí ẹni gbèjà rẹ̀. Bí a bá fẹ́ yẹ fíìmù wò báyìí, kò sí ìdí tí àlọ́ fi ní láti yọ sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ tó ń jiyàn náà wà, kò sì yẹ ká fò wọ́n. Christopher Ferguson l'Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí tẹlifíṣàn àti géèmù ń ṣe sí ìwà ipá ọmọdé kéré gan-an, pé òṣì, ìlùkulù nínú ilé àti ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ju wọ́n lọ fíìfíì. Ní 2019, Andrew Przybylski àti Netta Weinstein gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Bírítéènì, wọn kò sì rí i pé géèmù oníjàgídíjàgan sọ wọ́n di oníjà. Ẹ jẹ́ ká gbà fún wọn. Kò sí ọmọ tó di apànìyàn torí fíìmù kan, èyí tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọlọ́pàá ní ìdí tó fi fẹ́ kí ẹ̀bi náà wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwà ni wọ́n ń wọ̀n: ṣé ọmọ yóò gbá ẹlòmíràn. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín ni ohun tí ọmọ kà sí òótọ́ kó tó dórí ìwà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló gbà pé ẹ̀jẹ̀ ń di owó tí wọn kò ní pa eèrà láéláé. Àwọn ló máa ń wo aládùúgbò tó ra mọ́tò bí ẹni tó ti pa èèyàn, àwọn ló máa ń sọ fọ́mọ pé “ta ló mọ ohun tó ṣe?” Ìgbàgbọ́ wọn ni ilẹ̀ tí ọmọ kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yóò ti wá béèrè báwo.

Wọ́n ní kí òbí jókòó ti ọmọ tó bá ń wo fíìmù. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, àmọ́ ó sinmi lórí ohun tí òbí bá ń sọ nígbà tó bá jókòó. Bí owó ṣe ń tú jáde nínú igbá, ìyá á mí kanlẹ̀, á ní “Háà! Ayé mà burú o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ogun wọn.” Àdúrà rere ni. Létí ọmọ tó jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rí ni: màmá náà mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Jíjókòó tì wọ́n láìsọ̀rọ̀ kò sàn jù, torí ìdákẹ́jẹ́ àgbà ìfọwọ́sí ni lójú ọmọdé. Ní 2000, Amy Nathanson àti Joanne Cantor fi kàtúùnù ẹyẹ àkókó tí wọ́n ń pè ní Woody Woodpecker han àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹyẹ náà ń fìyà jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n máa ro bí ó ṣe ń rí lára ọkùnrin yẹn. Gbólóhùn kan péré. Ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin tó wò ó lásán le sí i lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ro ti ọkùnrin náà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò pa kàtúùnù, wọn kò wàásù. Wọ́n kàn gbé ojú ọmọ kúrò níbi tí eré gbé e sí.

Ìjọba ní tirẹ̀ fẹ́ràn kó fòfin dè é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, NFVCB kéde l'Énúgù pé ìlànà tuntun ti wà tó de fífi oògùn owó, ìpànìyàn ṣoògùn àti sìgá mímu ṣe fáàrí nínú fíìmù, fídíò orin àti skit. Iṣẹ́ tó yẹ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ ló wà nídìí rẹ̀: ṣé fíìmù yìn ín tàbí ó bú u? Olóòtú eré tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi wèrè kún ìparí, yóò sì gba ìwé àṣẹ. Igbá rẹ̀ óò ṣì kún. Láfikún, ọjọ́ ti lọ lórí òfin tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà kan wà tí kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó kọjá, tí aago mẹ́wàá alẹ́ tí wọ́n fi pààlà fún tẹlifíṣàn sì ń bá ọmọ lórí ẹní. Nísinsìnyí YouTube ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń jáde sí, wọ́n sì fi àwòrán igbá kan náà sí iwájú rẹ̀ kí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó gba fóònù lọ́wọ́ màmá rẹ̀ kó lè dákẹ́ kò níí dúró de ìwé àṣẹ.

Ohun tí kò gba òfin ni kí olóòtú kan ya ìran yẹn bó ṣe máa ń rí níta. Wọ́n pọfọ̀, wọ́n ká aṣọ pupa kúrò, igbá ṣófo. Adáhunṣe ní ó ku nǹkan kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú wá, ó tún gbowó sí i. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń wo ara wọn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sí jíìpù tí kámẹ́rà lè yí po, kò sí àtẹ̀gùn tó lè gùn. Bí fíìmù náà bá ṣì ku wákàtí kan, àfi kó wá ilé tí wọ́n ti ń retí ọmọ náà lọ: ìyá rẹ̀ ti bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi àwo dé e, ó ń pe nọ́ńbà rẹ̀, fóònù náà sì ń dún nínú yàrá tí igbá wà.